Ẹ̀rín Ìyá Àgbà Tó Há Sínú Káàdì

Ìyá tó bí bàbá mi, ní Kétu, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, bí a bá gba ìṣirò àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́, síbẹ̀ àwòrán kan ṣoṣo tí a ní nípa rẹ̀ ni èyí tó wà lára « carte d'identité » rẹ̀, níbi tí ó ti fajú ro bí ẹni tó wá sin gbèsè. Ìdí nìyí tí ó fi ya gbogbo agbo ilé lẹ́nu nígbà tí ìyá ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò mi, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, pé kí ó gbé àpáréì rẹ̀ wá.

Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, kò sì tíì lò ju oṣù márùn-ún lọ nídìí iṣẹ́ fọ́tò. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ àlòkù, irú èyí tí àwa ará Benin ń pè ní « venu de France ». Kútọnu ni ó ti rà á, pẹ̀lú owó tí ó fi ọdún kan gbáko kó jọ nídìí irun dídì.

Ìyá ti múra kí a tó dé. Aṣọ òkè tí kò tíì jáde nínú àpótí láti ìgbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀ ni ó ró; ó wé gèlè, ó fi iyùn sọ́rùn, ó sì jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín àgbàlá. Bí ọmọ náà ti ń yà á ni ìyá ń ki oríkì ilé wa, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ní etí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a parí, ewúrẹ́ kan yọ́ wọ inú àgbàlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí aṣọ òkè ìyá. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. N kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọmọ náà tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá, ojú ẹ̀rọ sì ṣú.

Ó ṣí ìdí rẹ̀, ó fa bátìrì yọ, ó tún un fi sí i. Ìmọ́lẹ̀ padà dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó hàn ni èyí: « Carte illisible. Formater ? »

« Tọ́ńtọ́n, ó ń bi mí bóyá kí òun fọ́màtè é. Ṣé kí n tẹ “Oui”, ẹ jọ̀wọ́? »

Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì náà. Kò bá ìwà ọmọlúwàbí mu kí àgbàlagbà máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn n kò ráyè ìwà: mo já ẹ̀rọ náà gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé wa yìí ni ẹ ti bá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pàdé rí, tí ẹ sì ti tẹ « Oui » láìronú. Káàdì inú ẹ̀rọ ayàwòrán dà bí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ìwé wà lórí pẹpẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Bí eku bá jẹ ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, àlejò tó wọlé yóò sọ pé kò sí ìwé kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìwé ṣì wà níbi tí wọ́n wà lánàá. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ nìyẹn nígbà tí ó bá pariwo « illisible »: àkọsílẹ̀ ni kò rí kà. Bí a bá gbà fún un kí ó « formater », yóò ṣí àkọsílẹ̀ tuntun tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, yóò sì ka gbogbo pẹpẹ sí àyè òfìfo. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn àwòrán kò tíì parẹ́ títí di àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n fọ́tò tuntun kọ̀ọ̀kan tí a bá yà lẹ́yìn náà lè lọ jókòó sórí ti àtijọ́, èyí tí wọ́n bá sì ti jókòó lé lórí, ó lọ nìyẹn.

Nítorí náà a yọ káàdì náà. Ìdábùú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tì í sí ibi tí wọ́n kọ « Lock » sí, kí ẹ̀rọ kankan má lè kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́, mo sì dì í sínú bébà. Ọmọ náà ń sunkún. Ìyá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì sọ fún un.

Ó ní: « Ẹ gba ojú mi lọ, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ gbé e sí? »

Ó dìde, ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo mọ ìyá mi àgbà. Bí àwọn àwòrán yẹn bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò tún bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó fún irú rẹ̀ mọ́.

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀rọ òun ni kò dára, pé ẹ̀rọ tó ti gbó ni wọ́n gbé tà fún òun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ó lọ ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé láti ọdún 2001 ni UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun ìní gbogbo ayé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò; ẹ sì mọ̀ pé òru ni ti Ẹ̀fẹ̀. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí ó tó tan iná sí wọn lójú, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, wọ́n sì gbà fún un kí ó ya díẹ̀. Ó gbé fíláàṣì kan tí ó rà ní ọjà Dantokpa sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé nínú gbogbo àwòrán náà, ìdajì ìsàlẹ̀ dúdú bíi kòkò ìdáná. Orí wà, ara kò sí. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ẹni náà wò ó, ó ní inú rẹ̀ ti bàjẹ́, pé kí ó mú 40 000 F wá.

Mo ní kí ó dúró ná. A jókòó síwájú ògiri funfun ilé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, a pa iná, a sì ya ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú fíláàṣì kan náà, ṣùgbọ́n a ń yí ìyára ẹ̀rọ padà. Ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ògiri mọ́ kedere. Ní 1/125, ó mọ́. Ní 1/250, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nísàlẹ̀. Ní 1/500, ìdajì ògiri ti wọ òkùnkùn. Ọmọ náà wo ẹ̀rọ, ó wo mi.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Aṣọ ìkélé méjì ló wà nínú irú ẹ̀rọ yẹn, níwájú àwo tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Ti àkọ́kọ́ á ṣí, ti èkejì á sì tẹ̀ lé e láti pa á dé. Bí a kò bá yára jù, ìgbà kan wà tí àwo náà ṣí sílẹ̀ pátápátá, ìgbà náà sì ni fíláàṣì máa ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá nǹkan bí 1/200, ìkélé kejì ti gbéra kí ti àkọ́kọ́ tó dé òpin. Àlàfo tóóró ló ń sáré kọjá lójú àwo. Fíláàṣì kò ní sùúrù láti tẹ̀ lé àlàfo náà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kọ, ibi tí àlàfo bá wà ló tàn sí, ìyókù ṣú. Fíláàṣì inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sábà máa ń dá ayàwòrán lẹ́kun kí ó má bàa ṣe àṣìṣe yìí. Èyí tí a rà lọ́tọ̀, tí kò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kò mọ ohunkóhun. Ogójì ẹgbẹ̀rún náà kò kúrò nínú àpò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn àmì dúdú kéékèèké tó máa ń wà lójú ọ̀run nínú fọ́tò rẹ̀ lásìkò ọyẹ́: eruku pupa ilẹ̀ wa ni, tó wọlé nígbà tí ó ń pààrọ̀ dígí ojú ẹ̀rọ níta gbangba. Ibì kan náà ni àmì náà máa ń wà nínú gbogbo àwòrán. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tí a ń pè ní « poire », ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ. Tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má lọ mú ti ọmọ ilé. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ burú ju eruku lọ.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ fún mi pé ti ayé àtijọ́ sàn jù. Pierre Verger, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí nígbà tí ó tẹ̀fá ní Kétu níhìn-ín ní 1953, fi Rolleiflex ya àwọn èèyàn wa, fọ́tò 12 péré ló sì wà nínú fíìmù kan. Joseph Moïse Agbodjelou ti Àjàṣẹ́, tí a bí ní 1912, fi fíìmù ya ìran kan mọ́ ìran kejì kí ó tó kú ní 2000. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ń hu èbu, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọ inú rẹ̀, ayàwòrán kò sì ní mọ̀ títí yóò fi wọ inú yàrá òkùnkùn. Tiwa a máa sọ fún wa lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Kìkì pé kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ ìyá yẹn, a fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà mi. Kọ̀ǹpútà náà ní òfìfo ni. A lo PhotoRec, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ará Faransé kan, Christophe Grenier, kọ. Kì í wo ìwé àkọsílẹ̀ rárá. Ó ń rìn láti pẹpẹ dé pẹpẹ, ó ń wá àmì tí gbogbo fọ́tò JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó bá rí, inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ní kí ó kó o sí; ẹ má ṣe dá a padà sínú káàdì kan náà láé. Ó lé ní wákàtí kan kí ó tó parí. Ọmọ náà kò jẹun.

Fọ́tò 74 ni ó yà. Mọ́kànléláàádọ́rin padà wá ní pípé, láìní orúkọ tiwọn mọ́, nọ́ńbà játijàti ni wọ́n ń jẹ́, a sì ní láti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ nípa wíwo òjìji igi máńgòrò. Mẹ́ta ìkẹyìn ló kù, àwọn tí ìyá ti rẹ́rìn-ín. A kò rí méjì rárá. Ìkẹta wá ní ìdajì: gèlè, iwájú orí, ojú méjèèjì tí ó ti pa dé fún ẹ̀rín, láti ibi imú sísàlẹ̀, eérú lásán.

Ìgbà náà ni ohun gbogbo wá yé wa. Bátìrì ló ń kú lọ. Ẹ̀rọ ṣì ń kọ àwòrán mẹ́ta náà sínú káàdì, iná pupa kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, nígbà tí ọmọ náà fa bátìrì yọ. Ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, àkọsílẹ̀ sì dàrú. « Èmi ni mo ṣe é, » ni ó wí. N kò sọ pé rárá. Mo kàn fi kún un pé káàdì olówó pọ́ọ́kú etí títì, tí wọ́n kọ 64 sí lára tí kò sì gba ju mẹ́jọ lọ, ìbá ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Tirẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ó sì rí ojúlówó náà lò.

A gbé ogún nínú wọn lọ tẹ̀ sórí bébà. Ọmọ náà kò fẹ́ kí a fi ti ìdajì kún un. Èmi ni mo fi kún un.

Ìyá wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé orí ìdajì náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

« Ojú mi ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi dà? »

Ọmọ náà kúnlẹ̀. « Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló gé e. »

Ìyá fi àwòrán náà sábẹ́ itan rẹ̀, ó ní kí ó lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Kò wọ aṣọ òkè lọ́tẹ̀ yìí. Ìró àdìrẹ àárọ̀ ló wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ sì wà lásán. Ewúrẹ́ nìkan ni a kò rí. Ọmọ náà wo bátìrì, ó wo káàdì, ó tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró títí iná pupa fi kú.