Orúkọ Wo Ni Kí A Pè É? Irinṣẹ́ Ẹ̀rọ Ọ̀fẹ́ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Ìkẹjà àti Agége

1. Ìfáárà

Láti Ọ̀rẹ́gùn dé Ọgbà, láti Ìkẹjà dé Agége, ẹ̀rọ kì í ṣe àlejò. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1962, Guinness ti ń pọn ọtí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ìgbà náà ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n òwò ẹ̀rọ kò kúrò ní àdúgbò. Ní òpópónà Òtígbá àti àyíká rẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village, wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà àti fóònù, wọ́n sì ń tún wọn ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọjà yìí kò sì jìnnà sí Aláùsá, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí a ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ̀rọ wà, olùkọ́ wà, ọmọ sì wà. Ohun tí kò tíì tó ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yóò fi ṣàlàyé ẹ̀rọ fún ọmọ ní èdè Yorùbá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó mẹ́nu ba díẹ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tí olùkọ́ lè lò láìsan owó, a ó yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè wọ́n wò, a ó sì dá àbá.

2. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ Yorùbá di iṣẹ́ kan pàtàkì ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gíráámà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà náà, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ìdí tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ ni pé èsì ìdánwò kò dára ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni.

Àwa tí a mọ ìtàn ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ kò lè gba ìdí yìí wọlé láìjiyàn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé àwọn olùdarí ètò náà kò kàn pàṣẹ fún olùkọ́ pé kí ó lọ fi Yorùbá kọ́ni. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n wá ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́. Níbi tí a bá ti pàṣẹ láìpèsè ọ̀rọ̀, kò yẹ kí a di ẹ̀bi ru èdè.

3. Ọ̀fẹ́ àti òmìnira

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà free ń kó ìtumọ̀ méjì pọ̀: ohun tí a kò san owó fún, àti ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè. Nítorí èyí, láti ìgbà tí Richard Stallman ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo rẹ̀ ní ọdún 1983, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sinmi àlàyé ṣíṣe. Yorùbá kò ní ìṣòro yìí. Ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, òmìnira jẹ́ òmìnira, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ èwo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

LibreOffice, tí a fi ń kọ ìwé tí a sì fi ń ṣírò máàkì, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní òmìnira: ẹnikẹ́ni lè tú u palẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì sọ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di Yorùbá. GeoGebra, tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní Salzburg ní ọdún 2001, dára púpọ̀ fún jiọ́mẹ́tírì. Ọ̀fẹ́ ni fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Kiwix ń jẹ́ kí a kó odindi Wikipedia sínú ẹ̀rọ kan, kí a sì máa kà á láìlo ayélujára. Kolibri, tí Learning Equality ṣe, ń sọ kọ̀ǹpútà kan di ilé ìkówèésí tí àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kíláàsì lè máa mu nínú rẹ̀ láìsí dátà.

Ní agbègbè tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège tí owó dátà sì ń gbọ́n àpò olùkọ́ gbẹ, àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni a rò pé wọ́n wúlò jù. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan láti Òtígbá tó láti bẹ̀rẹ̀.

4. Bí a ti ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà irinṣẹ́. Irin iṣẹ́ ni, ọkọ́ àti àdá. Ó fẹ̀ débi pé ó gba súpáná àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, nísinsìnyí a sì ń lò ó fún ohun tí kò ní irin kankan nínú. Fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú jẹ́ ọ̀nà kan tí èdè fi ń dàgbà.

Ọ̀nà kejì ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- tí a ń fi kún àpólà-ìṣe. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán, agbohùnsílẹ̀, amúlétutù àti amúnáwá. Gbogbo wọn ń sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dúró. Amúnáwá kò lé jẹnẹrétọ̀ lọ; àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀, ọ̀kan nínú ìròyìn, ìkejì lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, a ó rí i pé ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìwà ẹ̀rọ ni ó ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú náà yára. Lérò tèmi, kí ayára-bí-àṣá máa jẹ́ oríkì, kí kọ̀ǹpútà máa jẹ́ orúkọ, nítorí ó kúrú, ó sì rọrùn láti kàn mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ayélujára yàtọ̀ ní tirẹ̀: àwòrán ayé tí ó lu já síra ni ó gbé wá sí ọkàn, ó bá òye ohun náà mu, àwọn ènìyàn sì ti gbà á. A kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

5. Ọ̀rọ̀-ìṣe ojú ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwa onímọ̀ èdè sábà máa ń du orí lé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọmọ ń tẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Níhìn-ín ni àṣìlóye pọ̀ sí.

Pín: Èyí ni àwọn kan fi ń túmọ̀ share. Ṣùgbọ́n pín ni a ń lò nínú ìṣirò fún dídá nǹkan sí ọ̀nà ọgbọọgba. Bí ọmọ bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ 12 àti 4, kí ni yóò ṣe? Fi ránṣẹ́ ni ó tọ́.

Fi pamọ́: Ọ̀rọ̀ yìí lè túmọ̀ sí pé kí a tọ́jú nǹkan, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí a gbé e kúrò lójú. Inú ẹ̀rọ kan náà ni a ti ń bá àṣẹ méjèèjì pàdé. A dá a lábàá pé kí tọ́jú wà fún ti àkọ́kọ́, kí fi pamọ́ wà fún ìkejì.

Wá: Bí kò bá ní àbọ̀, ẹni tí ó kà á lè rò pé wọ́n ń pe òun. Ìwákiri kò ní àbùkù yìí.

Gbà sílẹ̀: Èyí dára fún mímú nǹkan láti orí ayélujára wá sínú ẹ̀rọ ẹni, nítorí agbohùnsílẹ̀ ti la ọ̀nà fún un. Òdìkejì rẹ̀ ni gbé sórí ayélujára.

6. Àmì orí ọ̀rọ̀ àti ohun tí ẹ̀rọ ń rí

Ọ̀rọ̀ tí a yàn dáradára lè bàjẹ́ nídìí ìkọsílẹ̀. Láìsí àmì ohùn, igba, igbá, ìgbà àti ìgbá di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni òǹkà. Ọ̀fẹ́ ni àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá tí ó wà nínú Gboard orí fóònù, nítorí náà kò sí àwáwí.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan fara sin. Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Àkànpọ̀ ni a ń fi ṣe é, ọ̀nà tí a sì lè gbà kàn án ju ẹyọ kan lọ. Unicode ka àwọn àkànpọ̀ wọ̀nyí sí ohun kan náà, àmọ́ ètò tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan yóò máa rí wọn bí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ó tún le jù ni ti àwọn tí ń fa ìlà òòró sábẹ́ lẹ́tà dípò tóótó: Unicode kò kà á sí ohun kan náà rárá. Olùkọ́ méjì lè tọ́jú ọ̀rọ̀ kan náà, kí ìwákiri ẹnìkan má sì rí ti ẹnìkejì. Tóótó ni kí gbogbo wa máa lò nínú ìwé orí ẹ̀rọ.

7. Àbá

Ìdánilójú wà pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, lónìí kò sí olùkọ́ Yorùbá tí fáwẹ̀lì àti fóníìmù ṣe àjèjì sí. Google sì ti fi Yorùbá kún ètò ìtumọ̀ rẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ẹ lè fi í ṣe àkọ́dà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í ṣe àṣekágbá, nítorí ohun tí a bá kọ káàkiri ni ó ń kọ́ lọ́dọ̀ wa.

A dá a lábàá pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yìí kọ ọ̀rọ̀ ogún tí ó ń lò ní kíláàsì fún ẹ̀rọ sílẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tí ó fi lò wọ́n. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn atúnẹ̀rọṣe ní Òtígbá ohun tí àwọn náà ń pè wọ́n. Kí a sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ní òmìnira láti tún ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìjọba lè gbé ìlànà kalẹ̀, ó sì lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ti wọ ẹnu ọmọ ní Agége kò sí lábẹ́ àṣẹ ìjọba mọ́.