Ẹ̀jẹ̀ ríru: Bí oníkẹ́mísì ṣe lè fi WhatsApp di oníbàárà rẹ̀ mú

Ẹni tó bá ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ pé oníbàárà tó ra oògùn ọgbọ̀n ọjọ́ lè má yọjú mọ́ lóṣù tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé ó ti gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ o. Ara rẹ̀ ló yá, orí kò fọ́ ọ mọ́, ló bá ní kí lòun ń náwó lé lórí. Bẹ́ẹ̀, àìsàn yìí kì í sábà fara hàn títí tí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Nínú ìròyìn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2025, nínú èèyàn márùn-ún tó ní in, bí ẹnì kan péré ló kápá tirẹ̀.

Ibi tí chatbot ti wúlò nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí oògùn bá ku ti ọjọ́ márùn-ún, á kí oníbàárà pé: "Ẹ káàárọ̀ o, Mọ́mì. Oògùn yín ti ń tán lọ. Èló ni ẹ̀rọ kà láàárọ̀ yìí?" Bí èsì bá jẹ́ 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n, bó bá ṣì ga, ọsíbítù yá. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí ẹnu ń kọ́lọlọ, kí wọ́n máà dúró wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì rárá.

Oníṣòwò tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè fi WhatsApp Business bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2018 ló ti jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó láyè láti fi àmì sára orúkọ oníbàárà, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè mọ ẹni tí oògùn rẹ̀ ń tán lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe chatbot gidi, àmọ́ ó tó fún ẹni tó ní ọgbọ̀n aláìsàn. Chatbot gidi gba owó ẹni tó máa ṣe é, Meta tó ni WhatsApp á sì tún gba owó lórí ìránnilétí tó ń fi ránṣẹ́.

Èyí tó ń ronú èsì fúnra rẹ̀, bíi ChatGPT, ló gba ìṣọ́ra jù, torí ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èsì tí apoògùn fọwọ́ sí nìkan ló yẹ kí ẹ̀rọ máa sọ, kó má sì dá sí ọ̀rọ̀ àfikún tàbí àdínkù oògùn.

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àṣírí tó gba ààbò pàtàkì, nítorí náà oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Àwọn tó ń kó gbogbo aláìsàn sínú gúrúùpù kan, tí kálukú ń rí nọ́ńbà ẹnìkejì, ń fọwọ́ ara wọn fa wàhálà.

Ní ti àwọn àgbàlagbà tí kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́, chatbot kò tíì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ìpè fóònù ìṣẹ́jú méjì ṣì ni tiwọn.