Kí ọkọ̀ ìṣeré má bàa jóná

Ọkọ̀ ìṣeré àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò, èyí tí a ń fi rédíò darí, kò sáré pẹ́ kí èéfín tó yọ lára rẹ̀. Mọ́tọ̀ iná rẹ̀ ni mo dá lẹ́bi. Àṣé adarí eré ni ó jóná, pátákó kékeré tí ń wọn iná bátìrì fún mọ́tọ̀: ámúpù tí ó lè gbà kò tó èyí tí mọ́tọ̀ ń fà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣọ́ owó ná, ẹ kọ́kọ́ ka wáyà. Mọ́tọ̀ tí ó ní búrọ́ọ̀ṣì ní wáyà méjì. Èyí tí kò ní in ní mẹ́ta, adarí tirẹ̀ sì yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni KV, iye ìgbà tí mọ́tọ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì kọ̀ọ̀kan, bí kò bá ru ẹrù. Lórí bátìrì 7,4 fóòtì, mọ́tọ̀ 3000 KV yóò yí ní ìgbà 22 200. Ó dùn-ún gbọ́ létí! Ṣùgbọ́n nínú iyanrìn, irú eré bẹ́ẹ̀ a máa di ooru. Ní tèmi, KV kékeré ni n ó yàn, pẹ̀lú adarí tí ámúpù rẹ̀ ju ti mọ́tọ̀ lọ dáadáa.