Ọ̀tún Ta Ni, Òsì Ta Ni?

Bí a bá fi àwòrán X-ray àyà han ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, yóò rí i pé ọkàn tẹ̀ sí apá ọ̀tún òun tí ó ń wò ó. Ṣé òsì kọ́ ni wọ́n ní ọkàn wà ni? Òsì náà ni. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó wà lápá òsì. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé aláìsàn kọjú sí wa ni wọ́n ṣe ń gbé àwòrán náà kọ́. Ẹ wo ọ̀tayò méjì nídìí ọpọ́n: ọ̀tún ẹnì kan, òsì ẹnì kejì ni. Nítorí náà, ọ̀tún àti òsì aláìsàn ni àwọn oníṣègùn máa ń sọ, kì í ṣe tiwọn.

Bí aláìsàn ìbáà fẹ̀yìn lélẹ̀, bí ó sì dojú bolẹ̀, wọn yóò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó nàró, ó kọjú síwájú, ó sọ apá sílẹ̀, ó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Òkè ni ìhà orí, ìsàlẹ̀ ni ìhà ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn sì ni ibi tí à ń pọn ọmọ sí. Ẹ wá fojú inú fa ìlà láti iwájú orí gba ìdodo kọjá. Ohun tí ó bá sún mọ́ ìlà yìí wà níhà àárín, èyí tí ó jìnnà sí i wà níhà ẹ̀gbẹ́. Ojú wà níhà ẹ̀gbẹ́ sí imú, ṣùgbọ́n níhà àárín ni ó wà sí etí. Ohun tí a bá fi wé e ni ó ń sọ orúkọ rẹ̀.

Ti ẹ̀rọ CT, tí wọ́n kọ́kọ́ fi wo aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971, tún yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń fi ara hàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì tí a gé, láti ìhà ẹsẹ̀ ni a sì ń wò ó. Ìdí nìyí tí ẹ̀dọ̀, tí púpọ̀ rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, fi ń hàn lápá òsì àwòrán.

Ẹ má rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni. Kíndìnrín méjì ni ènìyàn ní. Bí wọ́n bá yọ èyí tí ó dá ṣáṣá, èyí tí ó ń ṣàìsàn nìkan ni ó kù sára. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí a bí pẹ̀lú ọkàn lọ́tùn-ún àti ẹ̀dọ̀ lósì! Bí a bá gbé fíìmù ẹlòmíràn kọ́ sódì, bákan náà ni yóò rí. Lẹ́tà R tàbí L kékeré tí wọ́n fi òjé ṣe, tí ó hàn létí fíìmù, ni yóò là wá níjà.

Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Láti èjìká dé orí ìka, a lè pe gbogbo rẹ̀ ní ọwọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà kan ní ilé ìwòsàn níhìn-ín, tí màmá sì ní, “Ọwọ́ ń dùn mí,” ẹ má tíì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìka kan ibẹ̀ gan-an: ṣé òkè ìgúnpá ni, tàbí ọrùn-ọwọ́?