Wọ́n Dá Ẹjọ́ Kí Wọ́n Tó Gbọ́ Ọ

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí GitHub, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù ètò kọ̀ǹpútà sí, pé kí wọ́n yọ youtube-dl kúrò. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yìí, tí a fi ń gba fídíò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀sùn náà ni pé ó ń fọ́ ìdènà YouTube, àti pé orin Taylor Swift wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán an wò. GitHub yọ ọ́. Àjọ EFF, tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣàlàyé pé ìdánwò náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ nínú orin, àti pé ètò náà kò fọ́ ìdènà kankan.

Òfin DMCA ọdún 1998, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà tí RIAA gùn lé, la ọ̀nà ìfèsì sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ní ó ṣe àdàkọ. Kò la irú rẹ̀ fún ẹ̀sùn fífọ́ ìdènà. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti rí àbùkù òfin náà. Olórin gbọ́dọ̀ jẹun lóòótọ́, ẹni tó bá sì jí orin, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn náà ń lo youtube-dl. A ò ní torí olè gba àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ ní ṣebí wọ́n dá a padà? Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ọjọ́ 24, torí pé agbẹjọ́rò dìde (ta ló ń dìde fún ẹni tí kò lórúkọ?). GitHub fúnra rẹ̀ ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ láti gbèjà irú àwọn tó ń kọ ètò bẹ́ẹ̀, ó sì ṣèlérí pé amòfin àti onímọ̀ ẹ̀rọ yóò máa kọ́kọ́ yẹ irú ẹ̀sùn yìí wò.