Oúnjẹ Mímu fún Egbò Inú Ìfun

Bí àgbàlagbà kan bá wọ ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Kùmásì, tí inú ti ń run ún, tí ó sì ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti oṣù mélòó kan, ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ ìfun ni dókítà níláti kọ́kọ́ wádìí. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó jọ ọ́ bí ìbejì: àrùn Crohn, tí Dókítà Burrill Crohn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé lé lórí ní New York ní 1932. A kò gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú, nítorí oògùn steroid tí ń mú Crohn rọlẹ̀ lè mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbilẹ̀.

Ìtọ́jú kan wà tí kì í ṣe oògùn. Fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, aláìsàn yóò pa oúnjẹ líle tì. Oúnjẹ mímu tí a pò pé, tòun ti purotéènì, ọ̀rá àti fítámì, ni yóò fi ṣe àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe lóore jùlọ. Àgbàlagbà tí ó bá mu ún dé òpin a máa rí ìtura, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń pa á tì lójú ọ̀nà. A kò bá wọn wí. Ta ni yóò jókòó ti fùfú àti ọbẹ̀ ẹ̀pà ní Kùmásì, kí ó máa mu omi agolo?

Ẹ̀yin olùkọ́, ògì, tí wọ́n ń pè ní koko níbẹ̀, kò lè dípò rẹ̀. Purotéènì rẹ̀ kéré. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ń múni yàgbẹ́ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó dùn wá ni pé òkè òkun ni púpọ̀ nínú agolo náà ti ń wá, owó rẹ̀ sì wọ́n, nígbà tí sóyà àti ẹ̀pà wà lóko Ghana àti Nàìjíríà.