Ọjà Kún fún Ẹja, Adágún Ń Ṣófo

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ẹja bá kún ọjà lónìí, ṣé ó túmọ̀ sí pé ẹja kún odò? Àwọn ará Adágún Tana nílẹ̀ Etiópíà ti rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí òkè ni adágún náà wà, ó fi bíi mítà 1,800 ga ju òkun lọ. Àwọn tó ń jẹun lára rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan ń pẹja. Àwọn kan ń gé koríko papyrus létí omi, wọ́n ń fi í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní tankwa, òun náà ni wọ́n fi ń kó igi ìdáná wá tà ní Bahir Dar. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀ tí omi bá fà kúrò.

Ọkọ̀ koríko kì í lọ jìnnà. Ní 1986 ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú láti ilẹ̀ Holland àti ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n náílọ́ọ̀nù wá. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ẹja tí àwọn ọkọ̀ yìí ń kó wálé jẹ́ tọ́ọ̀nù 39 ní 1987. Ó di 360 ní 1997. Ọjà rẹ̀ dé Addis Ababa. Ta ni kò ní yọ̀?

Nígbà tí wọ́n kà á

Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Wageningen ní Holland ń da àwọ̀n sínú adágún, wọ́n ń ka ẹja, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi ìkà 1991 sí 1993 wé ti 1999 sí 2001. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní Labeobarbus, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé. Nínú 4, 1 ló kù. Ti àwọn ọmọ rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: nínú 10, 9 ti lọ.

Báwo ni ọjà ṣe wá ń kún? Láti oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, ẹja yìí máa ń kóra jọ sẹ́nu odò bíi Gumara àti Rib, kó tó gòkè lọ yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí. Ó dà bí ẹni tó lúgọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí! Ẹja á pọ̀ lọ́wọ́ apẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá àti ẹyin ló ń bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 2003 ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ẹja pípa, àmọ́ òfin nìkan kò tó. Ní 2011 wọ́n tún rí ewéko tó ń bo omi, irú èyí tó wọ ọ̀sà wa ní Èkó ní 1984. Ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ará abúlé fi ń fà á tu.

Kí ló kàn wá?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú omi, kó má ka ẹja nìkan. Kó bi apẹja, kó bi àgbẹ̀, kó sì bi àwa alájàpá. Ojú wa ló kọ́kọ́ ń rí i bí ẹja ṣe ń kéré sí i nínú agbọ̀n. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, Màkókó àti Badagry, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù wo ni, báwo ló ṣe tóbi sí, ṣé ẹyin wà nínú rẹ̀? Bó pẹ́ bó yá, ìwé yẹn á jẹ́rìí wa.

Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sódò, owó tiwa ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá kọ̀ tí èkejì rà á, òfo ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ jókòó, ká jọ fẹnu kò pé ní àsìkò ìyẹ́yin, a ò ra ẹja ẹlẹ́yin, a ò sì ra ọmọ ẹja.

Iṣu èbù kì í ṣe jíjẹ. Ẹja ẹlẹ́yin, èbù odò ni. Ajé á wọlé o.